Táyà kékeré inú búùtù: adelé ni, kì í ṣe arọ́pò

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni, òjò ń ṣú, èmi àti ọmọ mi Mórẹ́nikẹ́ sì ń ti ọ̀dọ̀ ìyá mi bọ̀. Irin kan tí n kò rí lójú ọ̀nà gé ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú lápá ọ̀tún. Kì í ṣe abẹ́ tó ń tẹ ilẹ̀ o, ẹ̀gbẹ́ gan-an ni, níbi tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí. Sítíárìn kọ́kọ́ wúwo lọ́wọ́ mi, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tí bàtà rẹ̀ já. Mo rọra yà sẹ́bàá ọ̀nà, mo tan iná tó ń ṣẹ́jú, mo fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, mo ṣí búùtù.

Ẹlòmíràn ti lo ọkọ̀ náà kí n tó rà á, kò sì tíì pé ọdún kan lọ́wọ́ mi. Lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì búùtù ni mo ti bá táyà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí: ó kéré, ó tín-ín-rín, ríìmù rẹ̀ sì ní àwọ̀ yẹ́lò. Mórẹ́nikẹ́ tan iná fóònù sí i. Ó ní, "Màámi, ṣé ti kẹ̀kẹ́ nìyí ni?" N kò dá a lóhùn, torí ọkàn tèmi náà ń bi mí ní ìbéèrè kan náà.

Láti ọjọ́ Ẹtì yẹn títí di Ọjọ́rú ni mo fi lo táyà náà. Mo ka gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, mo ka ìwé ìléwọ́ ọkọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì bá àwọn tó mọṣẹ́ ju mi lọ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ mi ló ń béèrè bóyá nǹkan gidi ni àbí ohun tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fi ń tan wá jẹ. Nǹkan gidi ni. Orúkọ tí a ń pè é ni kò jẹ́ ká mọ bá a ṣe ń lò ó. Olùkọ́ Yorùbá ni mí, n kò sì lè yẹ irú nǹkan báyìí wò kí n má fọwọ́ kan orúkọ rẹ̀, nítorí náà ẹ ó bá mi fara dà á bí ọ̀rọ̀ èdè bá gba àyè díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ táyà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí. T135/80D15 ni wọ́n tẹ̀ sí i lára. T tó ṣíwájú yẹn ni kókó: àmì ni pé fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 135 mìlímítà. 80 ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 80 nínú 100 fífẹ̀ yẹn, D ń sọ pé okùn inú rẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì gba orí ara wọn kọjá, 15 sì ni ìwọ̀n ríìmù ní ínǹṣì. Táyà mi tó gé jẹ́ 205/55R16. Nígbà tí mo gbé méjèèjì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí koríko, ti kékeré fi 70 mìlímítà tín-ín-rín ju ti ńlá lọ, ó sì fi nǹkan bíi 35 mìlímítà kúrú jù ú lọ. Lára rẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà pé fún ìgbà díẹ̀ nìkan ni, pé kí a má fi sáré ju 80 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, àti pé 60 PSI ni atẹ́gùn tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Táyà mẹ́rin tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ mi, 32 PSI ni wọ́n ń gbà. Kékeré yìí ń gba nǹkan bí ìlọ́po méjì.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe é kékeré kò ṣòro. Táyà tó kéré kì í gba àyè púpọ̀ nínú búùtù, kì í wúwo, ọkọ̀ tí kò bá sì wúwo kì í jẹ epo púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀, ńṣe ló máa sùn sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì láìfọwọ́ kan ilẹ̀. Mo gba àlàyé yẹn.

Wàyí o, orúkọ. Sípíà ni gbogbo wa ń pè é. Táyà ńlá inú búùtù, sípíà ni. Ti kékeré, sípíà ni. Kọ́kọ́rọ́ ilé kejì, sípíà. Awò ojú tí a fi pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀, sípíà. Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń wí kò ju pé òmíràn wà nílẹ̀. Kò sọ bóyá òmíràn náà tó ti àkọ́kọ́, kò sì sọ ìgbà tó yẹ kó kúrò. Ẹni tó bá ní sípíà lọ́kàn á kàn dè é mọ́ ọkọ̀, á sì máa lọ síbi tó ń lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó yí padà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èmi náà ṣe.

Yorùbá kò sì ṣàìní ọ̀rọ̀ fún ẹni tàbí ohun tó ń dúró fún ẹlòmíràn. Wọ́n pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń kó wọn pọ̀ mọ́ra wọn. Ẹ wo arọ́pò. Nínú gírámà, a ní ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Bí mo bá ní "Adé ra ọkọ̀, ó sì wà á lọ", "ó" ti rọ́pò Adé, "á" ti rọ́pò ọkọ̀. Gbogbo iṣẹ́ tí Adé ìbá ṣe nínú gbólóhùn kejì ni "ó" ṣe pátápátá, kò sì sí ẹni tó ń retí pé kí Adé padà wá gba àyè rẹ̀ kí gbólóhùn tó parí. Ohun tó bá rọ́pò nǹkan ti gba ipò rẹ̀ nìyẹn. Táyà ńlá tó bá ìyókù dọ́gba, tó ń sùn sínú búùtù ọkọ̀ mìíràn, arọ́pò ni. Gbé e sẹ́sẹ̀ ọkọ̀, o lè gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí ọdún á fi yí po.

Igbákejì yàtọ̀. Igbákejì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọ̀gá wà níbẹ̀, wọ́n sì jọ ń gbé ẹrù ni. Ẹ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, níbi tí táyà méjì ti so mọ́ra lápá kan náà: igbákejì ara wọn nìyẹn. Aṣojú ni tirẹ̀ máa ń lọ síbi tí ẹni tó rán an kò sí, ṣùgbọ́n ẹni tó rán an wà láàyè níbòmíràn, ó ń retí èsì. Táyà kò ní aṣojú.

Ọ̀rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu ni fìdíhẹ. Bí mo bá gbọ́ ọ, ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn ni Ìjọba Fìdíhẹ Olóyè Ernest Ṣónẹ́kàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1993, tó sì ti kógbá wọlé ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún náà. Ẹni tó fìdí hẹ kò jókòó dáadáa, etí àga ni ìdí rẹ̀ wà, ó lè dìde nígbàkigbà. Ọ̀rọ̀ náà dára fún bí ìjókòó ṣe rí. Àmọ́ kò sọ iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe níbẹ̀, àti ẹni tó ń ṣe é dè.

Adelé ló sọ ìyẹn. Àwọn tí kò fetí sí ohùn rò pé inú "dé ilé" ló ti wá, pé ẹni tó dé sílé ni. Rárá o. "Dè" ni, èyí tí a ń lò nígbà tí a bá ní "dè mí níbẹ̀". Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ di ohùn àárín nígbà tí "ilé" tẹ̀ lé e, ó wá di delé: ẹni tó wà nílé tó ń ṣọ́ ọ de onílé. Ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín "ó delé" àti "ó délé", ìtumọ̀ wọn sì jìnnà síra bí ẹni tó dúró ti jìnnà sí ẹni tó lọ tó bọ̀.

Ààfin ni ọ̀rọ̀ yìí ti lágbára jù. Ní Àkúrẹ́ àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, bí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin ọba náà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe adelé. Ó máa ń múra bí ọkùnrin, á dé fìlà, á wọ ìlẹ̀kẹ̀, á jókòó níbi tí ìlú ti lè rí i, ọ̀rọ̀ ìlú á sì máa lọ. Lẹ́yìn tí Déjì Adébíyìí Adésidà wàjà lọ́dún 2013, Ọmọba Adétútù, ọmọ rẹ̀, ló ṣe adelé Àkúrẹ́ títí tí Déjì tuntun fi gorí ìtẹ́ lọ́dún 2015. Àlàyé tí àwọn àgbà máa ń ṣe lórí ìdí tó fi jẹ́ ọmọbìnrin ni pé kò ní í du oyè náà mọ́ ẹni tí wọ́n bá yàn lọ́wọ́. Ìlú kò ṣófo, àga kò sì sọnù. Bí onílé bá dé, adelé á dìde.

Nígbà tí mo fi ojú ọ̀rọ̀ yẹn wo táyà yẹ́lò yẹn ni gbogbo ìkìlọ̀ ara rẹ̀ tó yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ nìyẹn o. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, sípíà ni mo ṣì ń pè é.

Mo fi sípánà dẹ nọ́ọ̀tì márààrún díẹ̀ kí n tó ta jáàkì sókè, mo yọ ti ńlá, mo gbé ti kékeré wọlé. Iṣẹ́ yẹn kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ, nítorí pé táyà náà fúyẹ́ débi pé Mórẹ́nikẹ́, ọmọ ọdún 11, ló bá mi gbé e láti búùtù. Mo fún un ní máàkì pípé lórí ìyẹn. Obìnrin tó dá wà lójú ọ̀nà lálẹ́ kò nílò ẹni tí yóò bá a gbé e.

Ìgbà tí mo sọ jáàkì kalẹ̀ ni ìṣòro bẹ̀rẹ̀. Táyà náà pẹrẹsẹ. Géèjì ọwọ́ mi kà 25 PSI, bẹ́ẹ̀ 60 ló yẹ kó jẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ra ọkọ̀, n kò yẹ̀ ẹ́ wò rí. Mo máa ń wọn atẹ́gùn táyà mẹ́rin lóṣooṣù, ṣùgbọ́n ti karùn-ún, mo gbàgbọ́ pé ó wà níbẹ̀, ó tán. Bó ṣe ń sùn níbẹ̀ yẹn ni atẹ́gùn ń yọ́ kúrò nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí kò sí táyà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run ló ní kí pọ́ǹpù kékeré tó ń lo iná ọkọ̀ wà lábẹ́ ìjókòó mi. Ó kígbe fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó kà 60, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Bí kò bá sí pọ́ǹpù yẹn, táyà inú búùtù mi ì bá jẹ́ ẹrù lásán. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á báyìí, bí ẹ bá ní irú rẹ̀, ẹ dìde lọ wọn atẹ́gùn inú rẹ̀ kí ẹ tó máa bá kíkà lọ. Mo dúró dè yín.

A bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ilé ṣì wà ní kìlómítà 46 síwájú. Mo rọ eré sí 60, kò sì pẹ́ tí mo rí i pé ọkọ̀ ń fà sápá ọ̀tún, tí iná ABS, èyí tó ń kìlọ̀ nípa bíréèkì, sì tàn ní iwájú mi. Táyà tó kúrú máa ń yí ju àwọn ìyókù lọ. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́yìn tí mo délé: táyà ńlá mi ń yí nǹkan bíi ìgbà 504 nínú kìlómítà kan, kékeré ń yí nǹkan bíi 533. Nínú kìlómítà 46, ó ti yí ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ìgbà tó lé ní 1,300. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ bíréèkì ń ka ìyípo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó rò pé ọ̀kan ń yọ̀ ni.

A ti rìn tó kìlómítà 12 nígbà tí mo rí iná fọkanáísà kan. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń palẹ̀ mọ́. Mo kí i, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo táyà yìí, ọkọ̀ mi ń fà." Bàbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n mi orí.

"Ìyá wa, ta ló ní kí ẹ fi èyí síwájú?"

"Iwájú ló jò, Bàbá."

"Iwájú ló jò lóòótọ́. Ṣé iwájú kọ́ ni ẹ́ńjìnnì ń yí lára ọkọ̀ yín ni? Ẹni tó ń ṣọ́ ilé, ẹ ní kó lọ roko."

Wọ́n ṣàlàyé fún mi. Láàárín táyà méjèèjì tí ẹ́ńjìnnì ń yí, jíà kan wà tó ń pín agbára fún wọn kí ti apá kan lè yára ju ti èkejì lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣẹ́ kọ́nà. Lójú ọ̀nà títọ́, ó yẹ kí jíà yẹn sinmi. Bí táyà kan bá kúrú ju èkejì lọ, kò ní ìsinmi, yóò máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà, á sì gbóná. Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí a yọ táyà pípé kan lẹ́yìn, kí a gbé e síwájú, kí ti kékeré lọ sẹ́yìn níbi tí kò ti sí agbára ẹ́ńjìnnì. Bàbá ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọkọ̀ dẹ́kun fífà. Wọ́n wo táyà tó gé náà pẹ̀lú, wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kì í gba lílẹ̀, pé ibi tó ń tẹ ilẹ̀ nìkan ni wọ́n lè lẹ̀, kí n lọ wá tuntun.

Gbólóhùn wọn yẹn, "ẹni tó ń ṣọ́ ilé", kò kúrò lọ́kàn mi. Bàbá kò pè é ní adelé, ṣùgbọ́n adelé ni wọ́n ṣàpèjúwe. Orí ìrìn ìyókù ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sí mi lẹ́nu. Nígbà tí Mórẹ́nikẹ́ béèrè bóyá kékeré yìí lè gbé wa délé, mo ní, "Adelé ni, á gbé wa délé." Ó rẹ́rìn-ín, ó ń pe méjèèjì tẹ̀ léra wọn títí oorun fi gbé e lọ. A wọlé ní aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, ní àlàáfíà.

Àwa nìkan kọ́ ló ń wá orúkọ fún nǹkan yìí. Ní Íńdíà, stepney ni wọ́n ń pe táyà inú búùtù títí di òní. Orúkọ òpópónà kan ni ní ìlú Llanelli ní orílẹ̀-èdè Wales, Stepney Street, níbi tí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é wà. Lọ́dún 1904 ni Thomas Morris Davies gbé tirẹ̀ jáde. Lásìkò yẹn, ọkọ̀ kì í gbé táyà mìíràn dání rárá, ìṣó bàtà ẹṣin sì kún ojú ọ̀nà. Ohun tó ṣe kì í ṣe odindi ẹsẹ̀ ọkọ̀: òrùka ríìmù tí kò ní ọ̀pá kankan láàárín, tí táyà tí a ti fẹ́ atẹ́gùn sí wà lórí rẹ̀, ni wọ́n ń há mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ti jò. Ẹ rí i pé kò lé onílé kúrò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló dúró sí. Ó dùn mọ́ mi pé èyí tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ nínú irú rẹ̀ ti jẹ́ adelé láti ọjọ́ yìí wá, tí orúkọ àdúgbò kan sì tipa rẹ̀ di ọ̀rọ̀ tí ẹni tí kò mọ Wales rí ń pè lójoojúmọ́.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe tó dùn mí jù ni mo fẹ́ sọ báyìí. Táyà tó bá tèmi mu kò sí ní ìsọ̀ mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ dé, ẹnì kan sì ṣèlérí pé yóò dé ní Ọjọ́rú. Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń fúnni lórí irú táyà yìí ni pé kí a má rìn ju nǹkan bíi 80 kìlómítà lọ. Mo kà á, ó yé mi, mo sì tún gbé ọkọ̀ jáde ní ọjọ́ Ajé, mo tún gbé e jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí pé ó ti gbé wa délé láyọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, mo sì rò pé ohun tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan yóò máa ṣe é lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ilẹ̀ tutù, ọmọ iléèwé kan sáré kọjá níwájú mi. Mo tẹ bíréèkì. Iwájú ọkọ̀ dúró, ẹ̀yìn yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ náà ti kọjá, kò sí ohun tó ṣe é, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo jókòó sínú ọkọ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Táyà tó tín-ín-rín kò lè di ilẹ̀ mú bí èyí tó fẹ̀, pàápàá lórí omi. Kò parọ́ fún mi o, ó kọ ọ́ sára. Mo wá gbé ọkọ̀ sílẹ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì títí táyà tuntun fi dé. Gbogbo ohun tí mo rìn lórí kékeré náà jẹ́ kìlómítà 118. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, ojú rẹ̀ ti ń dán, torí ihò ojú rẹ̀ kò jìn láti ilé-iṣẹ́ wá.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà lára rẹ̀ tí mo rí nígbà tí mo ń fọ̀ ọ́. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lẹ́yìn lẹ́tà DOT: 3112. Ọ̀sẹ̀ 31 ọdún 2012 ni wọ́n ṣe é. Àwọn ilé-iṣẹ́ táyà kan gbani nímọ̀ràn pé bó bá ti pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ṣe táyà, kí a pààrọ̀ rẹ̀, ìbáà jẹ́ èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ rí, nítorí rọ́bà ń gbó nínú òkùnkùn náà. Tèmi ti kọjá bẹ́ẹ̀. Mo ra òmíràn tó bá a dọ́gba, inú mi sì bàjẹ́ díẹ̀ láti fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún fọkanáísà.

Àwọn kan á ní kí n ra táyà ńlá sí búùtù kí ọ̀rọ̀ tán. Bí àyè bá wà nínú búùtù yín tí ẹ sì ń rin ọ̀nà jíjìn tí kò sí fọkanáísà lórí rẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sọ, ẹ wá arọ́pò. Nínú ọkọ̀ tèmi, kòtò abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kò gbà á, kápẹ́ẹ̀tì á wú sókè, ẹrù á sì máa yí gbirigbiri. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé ni kò tilẹ̀ ní táyà kankan nínú búùtù mọ́: agolo oògùn tí a ń tú sínú táyà tó jò ni wọ́n fi síbẹ̀ pẹ̀lú pọ́ǹpù kékeré. Oògùn yẹn lè dí ihò ìṣó tó bá wà lójú táyà. Ẹ̀gbẹ́ tó gé bíi tèmi, kò lè ràn án lọ́wọ́ rárá. Bó bá jẹ́ agolo nìkan ni mo bá nínú búùtù lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ojú ọ̀nà nínú òjò ni èmi àti ọmọ mi ì bá sùn. Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Èmi rí òòbẹ̀, ẹbọ sì fín.

Mo fún táyà kékeré yìí ní máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún. Ó fúyẹ́, ó yára láti gbé wọlé, kò jẹ àyè, ó sì ṣe ohun tó sọ pé òun á ṣe. Máàkì kan tí mo yọ jẹ́ ti àwọn tó ṣe é. Wọ́n kọ 80 kìlómítà ní wákàtí kan gàdàgbà sí i lára, ó dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé kí a má gbé e síbi tí ẹ́ńjìnnì ń yí, inú ìwé ìléwọ́ ni mo ti rí i, ní lẹ́tà wínníwínní, ní ojú ewé tí ẹnikẹ́ni kò ní í ṣí nínú òjò. Ó yẹ kó wà lára ríìmù. Ó sì yẹ kí ihò atẹ́gùn rẹ̀ kọjú sókè nínú búùtù, kí ènìyàn lè wọn ọ́n láìkọ́kọ́ tú gbogbo ẹrù.

Ní Ọjọ́rú, a gbé tuntun sínú búùtù. Mo wọn ọ́n: 60 PSI. Mórẹ́nikẹ́ lẹ bébà funfun mọ́ ẹ̀yìn kápẹ́ẹ̀tì, ó fi bírò dúdú kọ ìwọ̀n atẹ́gùn, ó kọ "ẹ̀yìn nìkan" sábẹ́ rẹ̀, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sókè ní lẹ́tà ńlá. Mo bẹ̀rẹ̀ láti wo àmì ohùn tó fi sí i. ADELÉ ló kọ. Àmì náà wà lórí lẹ́tà ìkẹyìn nìkan, bó ṣe yẹ.